Òru Ni Aṣálẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá wọ ọgbà ewéko aṣálẹ̀ ní ọ̀sán gangan ti pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ ká mú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Desert Botanical Garden, ní ìlú Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní agogo méjìlá ọ̀sán nínú oṣù kẹfà, ohun tí àlejò máa bá níbẹ̀ kò ju kákítọ́ọ̀sì, igi ẹlẹ́gùn-ún tó dúró bí òpó, lọ. Ẹyẹ kì í ké, alángbá ti wọ abẹ́ òkúta, ilẹ̀ ń gbóná fẹlifẹli, atẹ́gùn sì dúró sójú kan. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ á padà sílé, á sì sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ilẹ̀ òkú ni aṣálẹ̀, pé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò purọ́, ohun tó rí ló sọ. Àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni tó lọ sọ́jà alẹ́ ní àárọ̀, tó bá àtẹ òfìfo, tó wá ń sọ kiri pé ìlú náà kò lọ́jà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé òru ni aṣálẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àti pé òwúrọ̀ kùtùkùtù, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń là títí di ìgbà tí oòrùn bá mú, ni ojú èèyàn lè bá iṣẹ́ náà lójú àtẹ kí wọ́n tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wákàtí tí a bá fi lọ ló máa pinnu bóyá a rí aṣálẹ̀ tàbí a kàn rí ẹ̀gún.

Ọgbà tí mo ń sọ yìí tó ọgbà. Inú Papago Park ló wà, láàárín àwọn òkè olókùúta pupa. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 140 éékà, ewéko inú rẹ̀ sì lé ní 50,000. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìlú Phoenix ń fẹ̀, àwọn aráàlú kan tó fẹ́ràn ewéko aṣálẹ̀ kó ara wọn jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Gustaf Starck, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tó gbé pátákó kan síta tó kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n gba aṣálẹ̀ là, tó sì fi ọfà júwe ilé ara rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Gertrude Webster náà fi owó àti agbára tì í lẹ́yìn, nígbà tó sì di ọdún 1939, wọ́n ṣí ọgbà náà fún tajá-tẹran. Orí ilẹ̀ aṣálẹ̀ Sonora ló wà, aṣálẹ̀ tó gbòòrò láti Arizona àti California wọ orílẹ̀-èdè Mexico lọ. Òjò ìlú Phoenix lọ́dún kan kò tó 200 mìlímítà, nígbà tí ti Ìbàdàn ń lọ sí bíi 1,200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba òjò ọ̀hún sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì: díẹ̀ nígbà òtútù, díẹ̀ nínú ìjì òjò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìgbà ooru. Láàárín méjèèjì, oṣù lè kọjá lórí oṣù láìsí ẹ̀kán omi. Bí ewéko ṣe ń gbé níbi tó rí bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí ọgbà yìí wà láti dáhùn, òru sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà wà.

Gbogbo ewé ló ní ìṣòro kan náà. Ihò tíntìntín kan wà lára wọn tí ojú lásán kò lè rí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa kábọ́ọ̀nù-daiọ́kísáídì láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ nígbà tí oòrùn bá ràn. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yìí náà ni omi ń gbà sá lọ. Ewéko tó bá ṣílẹ̀kùn kó lè jẹun ti ṣílẹ̀kùn fún òùngbẹ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti wọn òṣùwọ̀n rẹ̀: bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko bá gba gíráàmù kan kábọ́ọ̀nù-daiọ́kísáídì wọlé, omi tó máa bọ́ lọ́wọ́ wọn á tó 400 sí 500 gíráàmù. Àgbàdo ṣúnwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ jẹ́ 250 sí 300. Kákítọ́ọ̀sì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ń ná 50 sí 100 péré. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n máa ń ti ihò náà pa lójú ọ̀sán, wọ́n á ṣí i lóru nígbà tí ara afẹ́fẹ́ bá ti rọ̀. Wọ́n á gba kábọ́ọ̀nù wọlé nínú òkùnkùn, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, wọ́n á fi í pamọ́ sínú ara. Bí oòrùn bá wá yọ, wọ́n á tìlẹ̀kùn, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n tọ́jú síta, wọ́n á sì fi ìtànṣán rẹ̀ se oúnjẹ, bí ìyá olóúnjẹ tó ra èlò ọbẹ̀ lọ́jà alẹ́, tó wá mórí mọ́lé sè é nígbà tí oòrùn ń pa àwọn èèyàn lóde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan lèyí. Àbámodá tí àwọn àgbà wa ń já fún oògùn, tí ewé rẹ̀ máa ń hu ọmọ létí bí a bá fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀, irú iṣẹ́ yìí ló ń ṣe. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà ń ṣe é. Ní ilẹ̀ India, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne tọ́ ewé àbámodá wò ní àárọ̀, ó bá a pé ó kan gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, kò bá adùn kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti korò díẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ ka iṣẹ́ òru yìí kí ẹ̀rọ kankan tó lè wọ̀n ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹmu ọ̀pẹ máa ń dùn lówùúrọ̀, tí yóò sì máa kan bí ọjọ́ ti ń lọ. Ti àbámodá yí padà: àárọ̀ ló ń kan, kíkan náà sì ń pòórá bí oòrùn ti ń ga. Bákan náà ni inú kákítọ́ọ̀sì ń ṣe. Ní Mexico, níbi tí wọ́n ti ń jẹ kákítọ́ọ̀sì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní nópálì bí ẹ̀fọ́, àwọn tó ń gé e mọ̀ dáadáa pé èyí tí wọ́n bá gé ní kùtùkùtù á kan ju èyí tí wọ́n dúró dè di ìyálẹ̀ta lọ. Nítorí náà, kákítọ́ọ̀sì tí a dúró níwájú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú kì í ṣe òpó tó sùn. Àkànṣe ásíìdì tó kó jọ ní gbogbo òru kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó ń retí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀rí tí ojú lè rí wà lára igi saguaro, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní sàwáró. Òun ni ọba inú ọgbà náà, kò sì sí ibòmíràn láyé tó ti ń hù fúnra rẹ̀ ju aṣálẹ̀ Sonora lọ. Ó lè ga tó mítà 12 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè lo 150 ọdún láyé, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sún mọ́ 200. Kì í kánjú: lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tó hù, ó lè má tíì ga ju ìka ọwọ́ kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í yọ apá títí wọ́n á fi pé àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé rẹ̀ kì í lè dá dúró nínú oòrùn. Abẹ́ igi mìíràn, bíi palo verde tàbí mesquite, ló ti máa ń dàgbà, bí ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ara rẹ̀ ní ìṣẹ́po láti òkè délẹ̀ bí agbádá tí wọ́n ká, bí òjò bá rọ̀, ìṣẹ́po náà á là, ara á sanra. Bí ọ̀dá bá dé, á tún ká padà. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìnnà nínú ilẹ̀ rárá, àmọ́ ó nà káàkiri tó gíga igi náà fúnra rẹ̀, kó lè yára gba omi kí oòrùn tó gbà á lọ. Gbogbo èyí ni a lè rí lọ́sàn-án. Òdòdó rẹ̀ ni ọ̀sán kì í jẹ́ ká rí bó ṣe yẹ.

Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, òdòdó funfun máa ń yọ lórí sàwáró. Ó máa ń là lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á wà ní ṣíṣí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, á pa ojú dé, kò sì ní là mọ́ láéláé. Gbogbo ọjọ́ ayé òdòdó kan kò tó wákàtí mẹ́rìnlélógún. Láàárín wákàtí yẹn ni ẹnìkan ní láti gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara igi kan lọ sára igi mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èso kò ní sí. Lóru, àdán ń ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá àdán kan tó ní imú gígùn, tó ń ti Mexico wá lọ́dọọdún. Ìjọba Amẹ́ríkà fi í sára àwọn ẹranko tó fẹ́ kú run ní ọdún 1988, ó sì pọ̀ padà débi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2018. Ẹnìkan lè sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òru gan-an ló yẹ ká lọ, kí la wá ń ṣe níbẹ̀ lówùúrọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn àdán wọ̀nyí kì í pọ̀ ní àríwá níbi tí Phoenix wà, ìhà gúúsù Arizona àti Mexico ni ilé iṣẹ́ wọn. Ohun tó sì mú kí òdòdó sàwáró máa dúró títí di ọjọ́ kejì ni pé àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ wà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ti òru: oyin, àti irú àdàbà kan tí etí ìyẹ́ rẹ̀ funfun, tó ń ki gbogbo orí bọ inú òdòdó láti mu omi dídùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kùtùkùtù ni omi dídùn náà ṣì wà. Ẹni tó bá gbójú sókè nígbà náà, á bá àdàbà lórí igi, á bá ẹyẹ àkókó tó ń yọjú látinú ihò tó gbẹ́ sára sàwáró, á sì rí òdòdó tí òru là, tí àárọ̀ ń lò, tí ọ̀sán yóò pa. Kò sí wákàtí mìíràn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé.

Kákítọ́ọ̀sì mìíràn wà tí tirẹ̀ tún le ju èyí lọ. Wọ́n ń pè é ní ọbabìnrin òru. Jálẹ̀ ọdún, ńṣe ló dà bí igi gbígbẹ tí ẹnìkan jù sábẹ́ ìgbẹ́, èèyàn á kọjá lára rẹ̀ kò ní mọ̀. Ó wá di alẹ́ kan nígbà ooru, òdòdó ńlá funfun á là lára igi gbígbẹ náà, òórùn rẹ̀ á gba inú òkùnkùn kan, àwọn àfòpiná ńlá á sì tẹ̀ lé òórùn náà wá. Bí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, ó ti ń rọ. Ẹni tó bá dé ní agogo mẹ́wàá á bá igi gbígbẹ níbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé igi kì í rìn, kí ló wá kan wákàtí? Wọ́n á ní ìdí tí àwọn aráàlú Phoenix fi ń lọ sọ́gbà ní kùtùkùtù kò ju pé wọ́n ń sá fún ooru, pé ìdí kan náà ló ń mú kí ọgbà náà ṣílẹ̀kùn ṣáájú lásìkò ooru ju ìgbà òtútù lọ. Òótọ́ ni pé ooru ń lé èèyàn. Ìwọ̀n ooru Phoenix ti dé 50°C rí, ní oṣù kẹfà ọdún 1990, kò sì sí ìtìjú nínú kí èèyàn sá fún irú rẹ̀. Àmọ́ ooru tó ń lé àlejò wọlé yìí náà ló lé àdàbà, ló ti ihò kákítọ́ọ̀sì pa, ló lé eku aṣálẹ̀ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Àlejò tó jí lọ ní kùtùkùtù ti gba àṣà ìlú tó dé. Èmi ò rí bí ìgbádùn ara àti òye ṣe ta kora níbẹ̀. Ohun kan náà ló fa méjèèjì.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi ní ibi tó mọ. Nígbà òtútù, nínú oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, àárọ̀ aṣálẹ̀ tutù débi pé alángbá àti kòkòrò kò ní jáde títí oòrùn á fi ta sí wọn lára, ẹni tó bá wá nígbà náà kò pàdánù púpọ̀ bó bá dúró di agogo mẹ́wàá. Òdòdó kákítọ́ọ̀sì pẹlẹbẹ, tó ń tàn bí ìyeyè, ojúmọmọ ló ń là. Igi palo verde, tó gbé iṣẹ́ oúnjẹ síse fún èèpo ara rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ewé bá rẹ̀ dànù, kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún òru. Ewéko ocotillo ń dúró de òjò, kò dúró de wákàtí: bí òjò bá rọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀pá gbígbẹ rẹ̀ á ti hu ewé. Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀nà tiwọn. Síbẹ̀, àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú ọgbà náà, tí gbogbo èèyàn tìtorí wọn wá, ìyẹn kákítọ́ọ̀sì àti ewéko agave, òru ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

Àtakò kan tún wà tó wúwo jù: ọgbà kì í ṣe aṣálẹ̀. Wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n kọ orúkọ sí ìdí igi, wọ́n kó ewéko ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Australia wá pọ̀ mọ́ ti ilé. Kí la lè kọ́ nípa aṣálẹ̀ níbi tí ọwọ́ èèyàn ti tún un ṣe? Èmi rò pé ohun tí ọwọ́ èèyàn kó jọ yìí gan-an ló ń mú ẹ̀kọ́ náà ṣe kedere. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo kákítọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀ wá, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì tún ń hù fúnra rẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn ewéko ẹlẹ́gùn-ún, aláìléwé, tó sanra, tí a ń rí nílẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì, ìdílé oró ni púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá sì gé oró mọ̀ ọ́n nípa wàrà funfun tó ń ṣàn lára rẹ̀. Ìdílé méjèèjì kò bá ara tan. Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí wọn nínú ọgbà kan náà lè ṣì wọ́n mú bí ìbejì, inú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ òru kan náà. Bí ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí bá dá ọgbọ́n kan náà, a jẹ́ pé ọgbọ́n náà kì í ṣe èèṣì. Gbígbẹ ilẹ̀ ló fi dandan mú wọn. Nínú igbó, a kò lè rí wọn papọ̀. Omi sì lè ti inú páìpù wá, òru kì í ti inú páìpù wá: èyí tó ń ṣú lórí ọgbà náà ló ń ṣú lórí gbogbo Sonora.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù nìyí. Aṣálẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé òru tútù. Ẹni tó mọ ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ: bí ọ̀rinrin kò bá sí nínú afẹ́fẹ́, tí ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run, ooru ọ̀sán kò ní ohun tó máa dá a dúró, yóò sá lọ sókè, ilẹ̀ á sì tutù kí ó tó mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ewéko tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ìgbà tí òru bá wà láàárín 10°C sí 15°C ni wọ́n ń gba kábọ́ọ̀nù dáadáa jù. Bí òru bá gbóná jù, ihò wọn kì í ṣí tán, wọ́n á sì máa jẹ ohun tí wọ́n ti tọ́jú. Ìlú Phoenix wá ń fẹ̀ sí i, ọ̀nà ọlọ́dà àti kọnkéré ń mu ooru lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u jáde lóru, ojú ọjọ́ gbogbo àgbáyé náà sì ń gbóná sí i. Ní ọdún 2023, láti ìparí oṣù kẹfà dé ìparí oṣù keje, ọjọ́ 31 tẹ̀ léra tí ooru ọ̀sán dé 43°C tàbí kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni àwọn òru tó tẹ̀ léra tí ooru kò sọ̀ kalẹ̀ dé 32°C. Nínú ọgbà tí wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n ń ṣọ́, apá sàwáró bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, àwọn mìíràn wó lulẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Igi tó ti la ọgọ́rùn-ún ọdún ọ̀sán aṣálẹ̀ já, òru ló wá ń pa á. Àwọn onímọ̀ ọgbà náà sọ pé òru tó kọ̀ láti tutù kì í jẹ́ kí igi náà rí àyè mí. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló mọ nípa aṣálẹ̀ kò lè lóye ìròyìn yìí, á máa wò ó pé kí ló lè ṣe igi tó ń gbé inú iná tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti dúró lábẹ́ sàwáró ní ìdájí, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára, ti mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ igi náà.

Àwọn kan tó ti ń gbé inú aṣálẹ̀ Sonora kí Phoenix tó wà ti mọ ọjọ́ aṣálẹ̀ tipẹ́. Tohono O'odham ni wọ́n ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èèyàn aṣálẹ̀. Nígbà tí èso sàwáró bá pọ́n, ní ìparí oṣù kẹfà sí oṣù keje, ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀. Kùtùkùtù ni wọ́n ń jáde, kí oòrùn tó mú, wọ́n á mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi egungun sàwáró tó ti kú ṣe, wọ́n á fi já èso náà lulẹ̀. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń se omi dídùn tó ki bí oyin, lára rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pọn ọtí tí wọ́n fi ń tọrọ òjò. Bí wọ́n bá ti yọ inú èso tán, wọn kì í ju èèpo rẹ̀ nù bákan ṣáá. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ nídìí igi, wọ́n á sì kọ inú rẹ̀ tó pupa sí ojú ọ̀run, kí òjò lè tètè dé.